Bí Obìnrin Tí Ogun Lé Kúrò Nílé Ṣe Lè Béèrè Ẹ̀tọ́ Rẹ̀: Láti Orí Ìwé Dé Iwájú Adájọ́

Ìbéèrè kan ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó ń dé ọ̀dọ̀ mi lórí ọ̀rọ̀ àwọn ogunléndé: "Obìnrin kan wà ládùúgbò wa tí ogun lé kúrò ní Borno. Wọ́n sun ilé rẹ̀, wọ́n pa ọkọ rẹ̀. Ta ni yóò san án padà fún un, ibo ni yóò sì ti béèrè?" Àwọn ará Yewa àti Ìbàràpá tí ìkọlù ọdún 2021 lé kúrò lóko náà ń béèrè irú rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún obìnrin náà fúnra rẹ̀, àti fún ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ̀lé e dé ọ́fíìsì àti kóòtù.

Ọ̀nà náà jìn, ẹ jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú èyí tí mo ti rí, àìsí òfin kọ́ ni ó ń ba ẹjọ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí jẹ́ jù, bí kò ṣe pé nígbà tí a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, orúkọ wọn kì í sí lórí ìwé kankan. Ìdí nìyẹn tí apá tí ó gùn jù níhìn-ín fi dá lórí ìwé.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ìrànwọ́ kọ́ ni àtúnṣe

Àwọn èèyàn máa ń da nǹkan méjì yìí pọ̀. Ìrẹsì, ẹní, oògùn àti owó kékeré tí wọ́n ń pín ní ibùdó, ìrànwọ́ ni. Owó tí wọ́n ń pè ní Victims Support Fund, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2014 nítorí àwọn tí Boko Haram ṣe lọ́ṣẹ́, ìrànwọ́ ni òun náà. Ẹni tí ó gba ìrànwọ́ kò tíì gba ẹ̀tọ́ rẹ̀, gbígbà á kò sì dí i lọ́wọ́ láti béèrè ẹ̀tọ́ náà.

Àtúnṣe ni kí ẹni tí ó jẹ̀bi, tàbí ìjọba tí ó yẹ kí ó dáàbò bo ará ìlú tí kò sì ṣe é, tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe. Ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá ọdún 2005 pín in sí ọ̀nà márùn-ún: dídá ohun ìní padà, owó gbà-má-bìínú, ìtọ́jú ara àti ọkàn, ìjẹ́wọ́ òtítọ́ pẹ̀lú ìtọrọ àforíjì, àti ìgbésẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀. Ẹ ka márààrún fún obìnrin náà, kí ẹ sì béèrè èyí tí ó jẹ ẹ́ lógún jù. Mo ti gbọ́ láti ẹnu ẹnì kan pé kì í ṣe owó ni òun kọ́kọ́ fẹ́, pé kí wọ́n sáà fi ibi tí wọ́n sin ọkọ òun sí han òun. Bí ẹ bá fi owó nìkan kún ìwé ẹ̀bẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ̀bẹ̀ tiyín ni, kì í ṣe tirẹ̀.

Òfin wo ni ẹ óò gbé dúró lé? Àdéhùn Kampala, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà fọwọ́ sí ní oṣù Kẹwàá ọdún 2009, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, sọ ní abala 12 pé orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ pèsè owó gbà-má-bìínú tí ó tọ́, àti àtúnṣe mìíràn, fún àwọn tí wọ́n lé kúrò nílé láàárín ìlú wọn. Nàìjíríà fọwọ́ sí i.

Ìkìlọ̀: abala 12 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé àdéhùn pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè kò ní agbára òfin nílé àyàfi tí àwọn aṣòfin bá sọ ọ́ di òfin. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí agbẹjọ́rò fi Kampala nìkan gbé ẹjọ́ ró ní kóòtù ilé. Kí ó so ó mọ́ orí kẹrin ìwé òfin, tí ó ka ẹ̀tọ́ ará ìlú sílẹ̀, àti mọ́ Àdéhùn Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, tí ó ti di òfin Nàìjíríà láti ọdún 1983.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ìwé ní orúkọ tirẹ̀

Ìyá kan láti ìhà Gwoza gbé ọ̀rá dúdú kan wá bá wa, ó so ó pa bí ẹni di owó. Káàdì oúnjẹ ibùdó wà nínú rẹ̀: orúkọ ọkọ ni ó wà lókè, ìtẹ̀ka ìyá náà wà nísàlẹ̀. Ìwé owó-orí ọkọ wà níbẹ̀. Káàdì ìdìbò ọkọ wà níbẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo tí ó fi hàn pé ìyá náà gbé abúlé yẹn rí ni káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ rẹ̀, tí omi ti bà jẹ́ létí kan, níbi tí nọ́ọ̀sì kan ti kọ orúkọ ìyá ọmọ àti orúkọ abúlé sí. Ó fẹ́ẹ̀ má mú un wá, nítorí ó rò pé "ìwé ọmọdé lásán" ni. Káàdì yẹn ni a fi bẹ̀rẹ̀.

Abala 13 Àdéhùn Kampala sọ ọ́ gbangba pé obìnrin ní ẹ̀tọ́ sí ìwé ìdánimọ̀ ní orúkọ ara rẹ̀. Ẹ tẹ̀lé ètò yìí:

1. Ẹ tú gbogbo ọ̀rá àti àpò wò kí ẹ tó lọ síbikíbi. Káàdì ilé ìwòsàn, ìwé ìdánwò ọmọ, rìsíìtì ẹ̀rọ ìlọta, fọ́tò ìgbéyàwó tí ilé hàn lẹ́yìn rẹ̀, ìwé ẹgbẹ́ àjọ: gbogbo wọn ni ẹ̀rí. Ẹ ya fọ́tò ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iwájú àti ní ẹ̀yìn lọ́jọ́ náà gan-an.

2. Ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ fara balẹ̀ wo bí òṣìṣẹ́ ṣe kọ orúkọ náà kí ó tó tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn, nítorí Hauwa níbì kan àti Hawwa níbòmíràn ti tó láti sọ ẹnì kan di ẹni méjì níwájú báǹkì.

3. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì kóòtù fún ìwé ìbúra, tí yóò sọ ibi tí ó ń gbé, ọjọ́ tí ó sá, àti ohun tí ó ṣòfò. Bí kò bá mọ̀wé tàbí tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ pé wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ fún un ní èdè rẹ̀ kí ó tó tẹ̀ka, kí ògbufọ̀ náà sì fọwọ́ sí i. Ìwé tí kò ní gbólóhùn yẹn, agbẹjọ́rò ìjọba yóò fà á ya níwájú adájọ́.

4. Ẹ gba ìwé ìbí fún àwọn ọmọ lọ́wọ́ àjọ ètò ìkànìyàn. Ọmọ tí wọ́n bí ní ìgbèkùn náà ní ẹ̀tọ́ sí i, kò sì sí ìdí tí ìyá fi gbọ́dọ̀ ṣàlàyé baba fún gbogbo ẹni tí ó bá dúró lórí ìlà.

5. Ẹ ṣí àkáǹtì báǹkì ní orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì ra síìmù tí ó so mọ́ NIN tirẹ̀, kì í ṣe ti àbúrò ọkọ.

Bí ọkọ bá sọnù tí a kò rí òkú rẹ̀

Ọ̀pọ̀ obìnrin láti Bama, Gwoza àti àwọn ìlú mìíràn tí ó bọ́ sọ́wọ́ Boko Haram ní ọdún 2014 kì í ṣe opó, wọn kì í sì í ṣe ìyàwó mọ́. Wọn kò lè béèrè ogún, wọn kò sì lè ta oko. Abala 164 nínú òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 sọ pé ẹni tí àwọn tí ó yẹ kí ó gbúròó rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀ fún ọdún méje, a lè kà á sí òkú. Ẹ sọ fún agbẹjọ́rò kí ó béèrè ìdájọ́ lórí èyí. Ẹ mú ẹni méjì ó kéré tán tí ó mọ ọkọ náà lọ, kí wọ́n sì jẹ́rìí sí ìgbà tí wọ́n rí i gbẹ̀yìn. Kí ẹ tó ṣe é, ẹ bá obìnrin náà sọ̀rọ̀ dáadáa, torí kò rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọkọ òun ti kú nígbà tí ó ṣì ń wo ọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ kejì: kíkọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀

Ẹ jẹ́ kí ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ dáadáa, kí ó má bàa di pé gbogbo ẹgbẹ́ tí ó bá wọ ibùdó ni yóò tún mú un sọkún. Kí ògbufọ̀ jẹ́ obìnrin, kí ó má sì jẹ́ ẹbí ọkọ tàbí olórí ibùdó. Kí àwọn ọmọ má sí nítòsí. Kí ó mọ̀ pé òun lè dákẹ́ nígbà tí ó bá wu òun.

Ẹ má fi ọjọ́ oṣù dà á láàmú. Ẹ béèrè bóyá ìkọlù náà ṣẹlẹ̀ ṣáájú Ààwẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀, bóyá wọ́n ti kórè ẹ̀pà, bóyá òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ óò tún un ṣe sí ọjọ́ oṣù lẹ́yìn náà pẹ̀lú ẹ̀rí àwọn mìíràn.

Nígbà tí ó bá kan àkọsílẹ̀ ohun tí ó ṣòfò, àṣìṣe ńlá tí mo máa ń rí ni pé wọn a kọ ilé, oko àti màlúù, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ti ọkọ, wọn a sì parí rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ béèrè nípa ohun tirẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan:

- ewúrẹ́, adìyẹ àti ọkà inú àká tirẹ̀;
- ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ ìlọta, ìkòkò àti àwo tí ó fi ń tajà;
- owó àjọ tí ó wà lọ́wọ́ olórí àjọ, àti gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ ẹ́;
- wúrà àti aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀;
- iye tí ó ń pa lọ́sẹ̀ kan kí ogun tó dé.

Bí wọ́n bá ti fipá bá a lò

Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn ni àkọ́kọ́. Oògùn tí ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, èyí tí ń dènà oyún sì ní ààlà wákàtí 120. Ẹ gba ìwé àyẹ̀wò dókítà. Bí ọdún bá ti gorí ọdún, ìwé ìtọ́jú ọkàn àti ẹ̀rí ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ṣì wúlò.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ọ̀tọ̀, kí ó má wà nínú ìwé kan náà tí ẹ óò fi béèrè ilẹ̀, èyí tí ẹbí ọkọ lè kà. Ní Borno, àwọn aládùúgbò máa ń pe àwọn obìnrin tí ó bọ́ lọ́wọ́ Boko Haram ní "annoba", tí ó túmọ̀ sí àjàkálẹ̀ àrùn lédè Hausa. Ẹni tí ó bá pinnu pé òun kò ní sọ ọ́ sí gbangba kò purọ́, kò sì sọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ nù. Òun nìkan ni ó ni ìpinnu náà. Ibi tí òfin VAPP ti ọdún 2015, èyí tí ó ka ìwà ipá sí ènìyàn léèwọ̀, tàbí irú rẹ̀ tí ìpínlẹ̀ ṣe, bá ti ń ṣiṣẹ́, adájọ́ tí ó dá ẹni tí ó fipá báni lò lẹ́bi lè pàṣẹ owó gbà-má-bìínú pẹ̀lú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ilẹ̀

Àìní ìwé ilẹ̀ kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 mọ ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ti ń dáko lórí ilẹ̀ ìgbèríko kí òfin náà tó dé, yálà ó ní ìwé tàbí kò ní. Ohun tí ẹ nílò ni ẹ̀rí lílò: ẹ yàwòrán oko náà sórí bébà, pẹ̀lú kànga, igi ńlá, ọ̀nà àti orúkọ ẹni tí ó bá a pààlà ní ọ̀tún àti ní òsì. Ẹ wá àwọn tí ó bá a pààlà náà, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n ṣeé ṣe kí wọ́n wà ní ibùdó kan náà.

Bí ẹbí ọkọ bá sọ pé obìnrin kì í jogún ilẹ̀, ẹ rántí pé ní ọdún 2014 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà dá ẹjọ́ Ukeje àti ẹjọ́ Anekwe. Ó sọ nínú wọn pé àṣà tí ó fi ogún du ọmọbìnrin tàbí opó lòdì sí òfin. Àṣà Ìgbò ni àwọn ẹjọ́ méjèèjì dá lé, nítorí náà agbẹjọ́rò yóò ní láti ṣàlàyé ìdí tí ìpìlẹ̀ wọn fi kan àṣà ibòmíràn.

Bí ìjọba ìpínlẹ̀ bá sì ń kọ́ ilé fún àwọn tí ń padà sílé, kí obìnrin náà béèrè kí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ilé náà pẹ̀lú ti ọkọ. Colombia ti fi èyí sínú òfin wọn fún àwọn tí ogun lé. Abala 118 nínú òfin 1448 ti ọdún 2011 sọ pé kí ilẹ̀ tí wọ́n bá dá padà wà ní orúkọ tọkọtaya tí ó jọ ń gbé nígbà tí wọ́n lé wọn, bí ọkùnrin nìkan tilẹ̀ ni ó wá béèrè. Ẹ lè fi í ṣe àpẹẹrẹ nínú lẹ́tà yín sí ìjọba.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: yíyan ibi tí ẹ óò gbé ẹ̀sùn lọ

Kò sí ẹni tí yóò rí Boko Haram mú wá sí kóòtù san owó. Nítorí náà, ìjọba ni ẹjọ́ máa ń dojú kọ, lórí pé kò dáàbò bo ará ìlú, pé kò ṣe ìwádìí, tàbí pé òṣìṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni ó hùwà ibi náà. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo máa ń dárúkọ.

*Àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, NHRC.* Ọ̀fẹ́ ni, kò béèrè agbẹjọ́rò, ó sì ní ọ́fíìsì káàkiri àwọn ìpínlẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún òfin rẹ̀ ṣe ní ọdún 2010, ìpinnu rẹ̀ ṣeé gbé lọ sí ilé ẹjọ́ gíga fún ìmúṣẹ. Lẹ́yìn ìpànìyàn tí ó wáyé ní Apo, l'Ábújá, ní ọdún 2013, àjọ náà pàṣẹ ní ọdún 2014 pé kí ìjọba san mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà fún ẹbí òkú kọ̀ọ̀kan àti mílíọ̀nù márùn-ún fún ẹni tí ó farapa. Ibí ni mo máa ń ní kí ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀.

*Ilé ẹjọ́ gíga.* Ẹ ní kí agbẹjọ́rò lo ìlànà ìmúṣẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ọdún 2009. Ìdí méjì ni: ìlànà náà gba ẹgbẹ́ láyè láti pẹjọ́ fún ẹni tí kò lè dá pẹjọ́, ó sì sọ pé òfin ààlà àkókò kò dí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Bí ó bá gba ọ̀nà mìíràn, òfin tí ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba lè pa ẹjọ́ náà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta péré. Legal Aid Council, àjọ ìjọba fún ìrànwọ́ òfin, àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, FIDA, máa ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ fún aláìní.

*Ilé ẹjọ́ ECOWAS, l'Ábújá.* Láti ọdún 2005, ará ìlú lè gbé ìjọba rẹ̀ lọ síbẹ̀ láì kọ́kọ́ parí ẹjọ́ nílé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2017, nínú ẹjọ́ Dorothy Njemanze àti àwọn obìnrin mìíràn tí òṣìṣẹ́ ìjọba mú l'Ábújá tí wọ́n sì pè ní aṣẹ́wó, ilé ẹjọ́ náà sọ pé Nàìjíríà rú Àdéhùn Maputo lórí ẹ̀tọ́ obìnrin, ó sì ní kí ó san mílíọ̀nù mẹ́fà náírà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́ta nínú wọn. Wọn kì í ṣe ogunléndé, ṣùgbọ́n Àdéhùn Maputo náà ni ó sọ̀rọ̀ obìnrin tí ogun lé. Ilé ẹjọ́ ECOWAS kò gba ẹ̀sùn tí kò ní orúkọ, nítorí náà bí ẹ̀rù bá ń ba obìnrin náà, kí agbẹjọ́rò bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má ṣe gbé orúkọ rẹ̀ síta. Kò sì gba ẹjọ́ tí ó ṣì wà níwájú ilé ẹjọ́ àgbáyé mìíràn.

Bí ó bá ti kọjá ààlà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará abúlé Yewa kan ṣe sá lọ sí orílẹ̀-èdè Benin ní ọdún 2021, òfin ti yí padà: Kampala kò kàn án mọ́ níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà níbẹ̀. Kí ó lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ UNHCR, àjọ àgbáyé tí ń rí sí àwọn tí ogun lé kọjá ààlà, tàbí ọ́fíìsì ìjọba tí ń rí sí àwọn tí ó wá ààbò, kódà bí ó bá ń gbé ilé ẹbí rẹ̀ ní Kétu tí èdè àti oúnjẹ kò sì yàtọ̀ sí tilé.

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe

- Ẹ má ṣe tẹ̀ka sórí ìwé òfìfo, bí ẹni tí ó mú un wá tilẹ̀ wọ aṣọ àjọ.
- Ẹ má ṣe san owó "fọ́ọ̀mù gbà-má-bìínú" fún ẹnikẹ́ni. Jìbìtì ni.
- Ẹ má ṣe fi ojúlówó ìwé sílẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ẹ̀dà ni kí ẹ fún wọn, kí ẹ sì gba ìwé pé wọ́n gbà á.
- Ẹ má ṣe fi fọ́tò rẹ̀ tàbí ìtàn rẹ̀ sórí WhatsApp láti fi wá àánú.
- Ẹ má ṣe kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ ọkọ nínú àkójọ orúkọ. Bí ọkọ bá ní ìyàwó mẹ́ta, ìlà mẹ́ta ni kí ó jẹ́.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ẹ̀sùn sílẹ̀

Ẹ múra sílẹ̀ fún ìdúró. Ogun abẹ́lé Nàìjíríà parí ní oṣù Kìíní ọdún 1970. Oṣù Kẹwàá ọdún 2017 ni ìjọba tó gbà níwájú ilé ẹjọ́ ECOWAS láti san bílíọ̀nù 50 náírà fún àwọn tí ogun yẹn àti àdó olóró tí ó fi sílẹ̀ ṣe lọ́ṣẹ́, pẹ̀lú bílíọ̀nù 38 fún kíkó àdó náà kúrò àti iṣẹ́ ìkọ́lé. Ọ̀pọ̀ ìyá ti kú kí ọjọ́ yẹn tó dé. Nítorí náà, kí obìnrin náà kọ orúkọ ẹni tí yóò gba ipò rẹ̀ nínú ẹjọ́ bí nǹkan bá ṣe é, kí ó sì jẹ́ ẹni tí ó yàn fúnra rẹ̀.

Ohun tí ó tún ń sọ ẹjọ́ nù ni kíkó láti ibì kan sí ibòmíràn. Nígbà tí ìjọba Borno bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn ibùdó Maiduguri pa láti ọdún 2021, àwọn obìnrin kan padà sí ìlú wọn, àwọn kan lọ háyà yàrá, nọ́ńbà fóònù sì yí padà. Ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta yìí:

1. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹni mẹ́ta sínú fáìlì, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí kì í kó kiri, bí ìyá ọjà tàbí olùkọ́.
2. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ pe ọ́fíìsì náà, kí ẹ sọ nọ́ńbà fáìlì, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí ó dáhùn àti ọjọ́ náà sílẹ̀.
3. Ẹ fi ẹ̀dà gbogbo ìwé sí ọwọ́ ẹni mìíràn ní ìlú mìíràn. Ìyá Gwoza tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè fi ẹ̀dà tirẹ̀ sọ́dọ̀ ìyàwó pásítọ̀ kan ní Jos, káàdì àjẹsára ọmọ náà ni ó sì wà lókè pátápátá.